Galileo, Ẹni tí ó Wá Ìdí Ọ̀nà tí Òkò Ń Gbà

Kò sí ọmọdé kan ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ìbáà ṣe ní Ṣàgámù tàbí ní Ìkẹ́nnẹ́, tí kò tíì sọ òkò sí èso máńgòrò tàbí àgbálùmọ̀ rí. Kí olùkọ́ kankan tó kọ́ wa ni ọwọ́ wa ti mọ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí òkò òun ba èso tí ó jìnnà kò gbọdọ̀ fojú sun èso náà gan-an. Ó ní láti fojú sun òkè rẹ̀ díẹ̀, nítorí pé bí òkò bá ti ń lọ ni yóò máa tẹ̀ wá sílẹ̀. Ọdẹ tí ń ta ọfà mọ èyí pẹ̀lú, jagunjagun tí ń yin ìbọn náà sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ọwọ́ mọ nǹkan, ọ̀tọ̀ ni kí ọpọlọ mọ ìdí rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbàá ọdún tí àwọn ọ̀mọ̀wé ayé fi jiyàn lórí ọ̀nà tí òkò ń gbà, tí wọn kò sì mọ bí ó ti rí ní tòótọ́. Ẹni tí ó tú iṣu ọ̀rọ̀ náà dé ìsàlẹ̀ ìkòkò ni Galileo Galilei, ọmọ ilẹ̀ Ítálì.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kejì ọdún 1564 ni a bí Galileo ní ìlú Pisa. Òun ni àkọ́bí àwọn òbí rẹ̀. Vincenzio ni orúkọ baba rẹ̀, Giulia sì ni orúkọ ìyá rẹ̀. Olórin ni baba náà, ó mọ ohun èlò olókùn kan tí ó jọ gìtá í lò dáadáa, ó sì kọ ìwé lórí ìmọ̀ orin. Vincenzio kì í ṣe ẹni tí í gba ọ̀rọ̀ àwọn àgbà àtijọ́ gbọ́ láìwádìí. Nígbà tí àwọn olùkọ́ orin sọ pé báyìí ni ohùn okùn yẹ kí ó rí, ńṣe ni ó so ohun wíwúwo mọ́ okùn, ó fà á le, ó sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ bóyá òtítọ́ ni. Ẹní bíni là á jọ. Ìwà yìí ni Galileo jogún lọ́dọ̀ baba rẹ̀, ó sì wúlò fún un ju owó lọ, nítorí pé olówó kọ́ ni baba náà.

Nítorí ọ̀ràn owó yìí ni Vincenzio fi fẹ́ kí ọmọ òun di oníṣègùn. Ní ọdún 1581, Galileo wọ Yunifásítì ìlú Pisa láti kọ́ ìṣègùn. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi bá ọ̀gbẹ́ni Ostilio Ricci pàdé, ẹni tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣirò, ó sì rí i pé ibẹ̀ ni ayọ̀ òun wà. Ní ọdún 1585, ó fi yunifásítì náà sílẹ̀ láìgba ìwé ẹ̀rí kankan. Ojú ti ìdílé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sinmi, ó ń kọ́ ara rẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ elòmíràn fún owó oúnjẹ. Nígbà tí ó di ọdún 1589, Yunifásítì Pisa, tí ó ti fi sílẹ̀ láìgbàwé ẹ̀rí, pè é padà láti wá jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò níbẹ̀. Owó tí wọ́n ń san fún un kéré gan-an sí ti àwọn olùkọ́ ìṣègùn.

Ní àkókò náà, ọ̀rọ̀ Aristotle, ọ̀mọ̀ràn ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, ni àṣẹ ní gbogbo yunifásítì. Aristotle ti kọ́ni pé bí ohun kan bá ṣe wúwo tó ni yóò ṣe yára já bọ́ tó, tí ó fi jẹ́ pé òkúta tí ó wúwo ní ìlọ́po mẹ́wàá yóò já bọ́ ní ìlọ́po mẹ́wàá ìyára èyí tí ó fúyẹ́. Galileo ronú sí i báyìí: ká ní òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, tí a wá fi okùn so òkúta ńlá pọ̀ mọ́ òkúta kékeré, tí a sì jù wọ́n sílẹ̀ láti òkè. Èyí tí ó kéré yóò máa fa ọ̀gá rẹ̀ sẹ́yìn, nítorí náà àwọn méjèèjì yóò lọ́ra ju òkúta ńlá nìkan lọ. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì tí a so pọ̀ wúwo ju òkúta ńlá nìkan lọ, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ yára jù ú lọ. Báwo ni ohun kan náà ṣe lè lọ́ra kí ó sì tún yára? Nígbà tí ẹ̀kọ́ kan bá ń ta ko ara rẹ̀ báyìí, ẹ̀kọ́ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí kò bá sí ìdènà afẹ́fẹ́, ohun tí ó wúwo àti èyí tí ó fúyẹ́ yóò já bọ́ pọ̀ ni.

Ní ọdún 1592, Galileo kúrò ní Pisa lọ sí Yunifásítì Padua, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Venice. Ọdún méjìdínlógún ni ó fi kọ́ni níbẹ̀. Ìlú ológun ni Venice, ọkọ̀ ogun rẹ̀ pọ̀ lórí òkun, àwọn ọmọ ìjòyè tí wọ́n fẹ́ di ọ̀gágun sì ń wá kọ́ ìṣirò lọ́dọ̀ Galileo. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bí a ti ń gbé ẹnu ìbọn àgbá sókè kí ọta rẹ̀ lè dé ibi tí a fẹ́. Èrò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní ìgbà náà ni pé agbára ẹ̀tù ni yóò máa ti ọta lọ ní ọ̀nà gbọọrọ, pé bí agbára náà bá tán ni ọta yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ilẹ̀, tí yóò sì já bọ́. Tartaglia, tí òun náà jẹ́ ará Ítálì, ti sọ nínú ìwé tí ó tẹ̀ ní ọdún 1537 pé bí a bá gbé ẹnu ìbọn sí igun dígírì 45 ni ọta yóò lọ jìnnà jù lọ. Ṣùgbọ́n kò lè sọ ìdí rẹ̀ yanjú.

Galileo pinnu láti mọ ìdí rẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tí yóò bá mọ ọ̀nà tí òkò ń gbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí nǹkan ti ń já bọ́. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí ń já bọ́ yára ju ojú lọ, kò sì sí aago tí ó lè ka ìṣẹ́jú àáyá dáadáa lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó ta. Ó mú pákó gígùn kan, ó gbẹ́ ojú ọ̀nà tóóró sí i lórí, ó sì tẹ́ awọ dídán sínú ọ̀nà náà. Ó gbé orí pákó náà sókè díẹ̀ kí ó lè dagun, ó sì jẹ́ kí ọta idẹ kan yí lọ sísàlẹ̀. Báyìí ni ó sọ ìjábọ́ di ohun tí ń lọ jẹ́jẹ́ tí ojú lè bá a dé. Ní ti aago, ó gbé ìkòkò omi ńlá kan ka ibi gíga, ó fi ọ̀pá tín-ínrín sí ìdí rẹ̀, omi sì ń ṣàn láti inú rẹ̀ sínú ife ní gbogbo ìgbà tí ọta bá ń yí. Lẹ́yìn náà ni yóò wọn omi inú ife lórí ìwọ̀n. Bí omi bá ṣe wúwo tó ni àkókò ṣe pẹ́ tó. Ó ṣe èyí ní àìmọye ìgbà, nítorí ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ohun tí ó rí yà á lẹ́nu. Bí ọta náà bá rìn ìwọ̀n kan ní àkókò kìíní, yóò rìn ìwọ̀n mẹ́ta ní àkókò kejì, márùn-ún ní àkókò kẹta, àti méje ní àkókò kẹrin. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé eré ọta náà ń pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà bí àkókò ti ń lọ. Lónìí a mọ iye tí ìwọ̀n náà jẹ́ fún ohun tí ń já bọ́ láìsí ìdènà. Ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, òòfà ilẹ̀ ń fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 32, ìyẹn mítà 9.8, kún eré rẹ̀. Bí ó bá di ìparí ìṣẹ́jú àáyá kìíní, ẹsẹ̀ bàtà 32 ni yóò máa sá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ìparí èkejì, 64 ni. Ní ìparí ẹ̀kẹta, 96 ni.

Nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 1608, ó gbé ìwádìí náà síwájú. Ó jẹ́ kí ọta yí wá láti orí pákó tí ó dagun, kí ó sì fò kúrò létí tábìlì. Ó sàmì sí ibi tí ó bọ́ sí nílẹ̀, ó sì kọ iye rẹ̀ sínú tákàdá. Àwọn tákàdá náà wà ní ilé ìkówèésí ńlá kan ní ìlú Florence títí di òní. Láti inú iṣẹ́ yìí ni àṣírí òkò ti tú sí i lọ́wọ́. Ìrìn méjì ni òkò ń rìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìrìn kìíní ni lílọ síwájú; ìrìn kejì ni lílọ sókè tàbí bíbọ̀ wálẹ̀. Òòfà ilẹ̀ kì í fọwọ́ kan ìrìn kìíní rárá. Ìrìn kejì nìkan ni ó ń bá jà.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, kí a sì mójú kúrò lára ìdènà afẹ́fẹ́. Ká sọ pé ọmọkùnrin kan sọ òkò tí eré rẹ̀ sókè jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 64 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí eré rẹ̀ síwájú sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 30. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kìíní, òòfà ilẹ̀ yóò ti gba 32 lára eré òkè, yóò ku 32. Lẹ́yìn èkejì, yóò ti gba ìyókù, kò ní ku nǹkan kan. Ibẹ̀ ni òkò náà ga dé jù lọ, tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 64 sí ibi tí ó ti kúrò lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òkò máa ń dúró ní òkè yìí kí ó tó padà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gígòkè ni ó dúró. Lílọ síwájú kò dúró, ẹsẹ̀ bàtà 30 tí ó fi bẹ̀rẹ̀ náà ni ó ṣì ń sá. Láti ibẹ̀ lọ, òòfà ilẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dá ohun tí ó gbà padà. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, eré ìsàlẹ̀ di 32; lẹ́yìn ẹ̀kẹrin, ó di 64, òkò sì ti padà sí ìwọ̀n gíga tí ó ti kúrò, pẹ̀lú iye eré tí ó fi kúrò lọ́wọ́ gan-an. Ọ̀nà tí ó lọ síwájú ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 120. A rí i nígbà náà pé ibi tí òkò ti lọ́ra jù lọ ni òkè téńté, ibi tí ó sì ti yára jù lọ ni ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀.

Nígbà tí Galileo pa ìrìn méjèèjì yìí pọ̀ nínú ìṣirò, ó rí i pé ìlà tí òkò ń tọ̀ jẹ́ ìlà títẹ̀ kan tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gíríìsì ti mọ̀ tipẹ́, tí wọ́n ń pè ní pàrábólà. Ó fi ìṣirò hàn pé òtítọ́ ni Tartaglia sọ nípa dígírì 45, ó sì fi ohun tuntun kún un: bí igun méjì bá jìnnà sí 45 bákan náà, bíi 30 àti 60, ibì kan náà ni ọta wọn yóò bọ́ sí.

Ẹnikẹ́ni lè rò pé ọ̀rọ̀ òkò kò lè dá wàhálà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òkò yìí ni ó di ọ̀rọ̀ ayé òun ọ̀run. Ní ọdún 1609, Galileo gbọ́ pé wọ́n ti ṣe awò kan ní ilẹ̀ Holland tí ń mú ohun tí ó jìnnà sún mọ́ni. Ó ṣe tirẹ̀ tí ó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì kọjú rẹ̀ sí ojú ọ̀run. Ní oṣù Kíní ọdún 1610, ó rí òṣùpá mẹ́rin tí ń yí Jupiter ká. Òkìkí rẹ̀ kàn, ó sì padà sí Florence lọ́dún náà láti wà lọ́dọ̀ Cosimo Kejì, olórí ilẹ̀ Tuscany. Ohun tí ó rí mú un gbà gbọ́ gidigidi pé òtítọ́ ni Copernicus sọ, pé ilẹ̀ ayé ni ó ń yí oòrùn ká, tí ó sì ń pòyì lórí ara rẹ̀.

Àwọn alátakò bi í pé bí ilẹ̀ bá ń sáré, kí ló dé tí òkúta tí a jù láti orí ilé gogoro kì í ṣẹ́kù sẹ́yìn? Ìmọ̀ òkò ni Galileo fi dá wọn lóhùn. Òkúta náà ti ní ìrìn ìwájú tirẹ̀ láti ara ilẹ̀ kí ó tó kúrò lọ́wọ́, òòfà ilẹ̀ kì í sì í gba ìrìn ìwájú. Ẹni tí ó bá jókòó sínú ọkọ̀ tí ń ti Ṣàgámù lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ lórí ọ̀nà tó tẹ́jú, kí ó ju ọsàn sókè díẹ̀. Ọsàn náà kì í bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀; ọwọ́ rẹ̀ ni yóò padà sí.

Ní ọdún 1616, àwọn aláṣẹ ìjọ Àgùdà ní Róòmù ka ẹ̀kọ́ Copernicus léèwọ̀, wọ́n sì kìlọ̀ fún Galileo. Ó pa ẹnu mọ́ fún ọdún díẹ̀. Ní ọdún 1632, ó tẹ ìwé ńlá kan jáde, nínú èyí tí àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta ti ń jiyàn lórí bí ayé ti rí. Inú Póòpù Urban Kẹjọ, ẹni tí ó ti jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ru sí i. Wọ́n pè é sí Róòmù, bẹ́ẹ̀ ni ó ti di ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, tí ara rẹ̀ kò sì yá. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹfà ọdún 1633, wọ́n mú un kúnlẹ̀ láti kọ ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní gbangba. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n sì ní kí ó wà ní àhámọ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ilé rẹ̀ ní Arcetri, lẹ́bàá Florence, ni wọ́n sé e mọ́.

Galileo ní ọmọbìnrin kan, Virginia, tí ó di obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní ilé ìsìn kan nítòsí ibẹ̀, tí a sì ń pè ní Maria Celeste. Ọmọ yìí ni alábàárò rẹ̀. Òun ni ó ń tọ́jú ilé baba nígbà tí baba wà lẹ́jọ́, òun ni ó sì gbà láti máa ka àwọn Sáàmù ìrònúpìwàdà méje tí wọ́n fi ṣe ìjìyà fún baba rẹ̀. Kò tó oṣù márùn-ún tí Galileo padà sí ilé tí ọmọ náà kú, ní oṣù Kẹrin ọdún 1634. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Ìbànújẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa bàbá arúgbó yìí.

Ẹlòmíràn ì bá ti gbé ọwọ́ sókè. Galileo padà sí àwọn tákàdá rẹ̀ ti Padua, tí ó ti lé ní ogún ọdún tí ó ti kọ wọ́n. Ó kó ohun gbogbo tí ó mọ̀ nípa ìjábọ́ àti nípa òkò jọ sínú ìwé kan, ó sì fi ọ̀rọ̀ òkò ṣe ẹ̀kọ́ ọjọ́ kẹrin nínú rẹ̀. Nítorí pé wọ́n ti fi òfin dè é kí wọn má ṣe tẹ ìwé rẹ̀ mọ́, wọ́n gbé e lọ sí ìlú Leiden ní ilẹ̀ Holland, níbi tí àṣẹ Póòpù kò dé, ilé ìtẹ̀wé Elzevir sì tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1638. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé náà yóò fi jáde, ojú méjèèjì Galileo ti fọ́. Ojú tí ó kọ́kọ́ rí òṣùpá Jupiter kò lè ka ìwé tí ó jẹ́ iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ìyókù ọjọ́ rẹ̀, ó ń sọ èrò ọkàn rẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, Viviani àti Torricelli, wọ́n sì ń bá a kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó kú ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kíní ọdún 1642.

Wọn kò jẹ́ kí a sin ín pẹ̀lú ọlá. Yàrá kékeré kan ní ilé ìsìn Santa Croce ní Florence ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ọdún 1737 ni wọ́n tó gbé egungun rẹ̀ wá sínú ilé ìsìn náà gan-an, tí wọ́n sì kọ́ ibojì tí ó yẹ fún un. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ rẹ̀ kò dúró de ìyẹn. Isaac Newton ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé e síwájú nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1687. Ó ṣàlàyé pé bí a bá yin ọta láti orí òkè gíga pẹ̀lú eré tí ó pọ̀ tó, bí ó ti ń já bọ́ ni ilẹ̀ pẹ̀lú yóò máa tẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀, tí yóò fi máa yí ayé ká. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ sátẹ́láìtì NigeriaSat-1, tí orílẹ̀-èdè wa fi ránṣẹ́ sí òfuurufú ní ọdún 2003, fi lè máa yí ayé ká láìjá lulẹ̀. Òkò ni òun náà.

Ní ọdún 1971, David Scott, ará Amẹ́ríkà, dúró lórí òṣùpá, níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, ó sì ju òòlù àti ìyẹ́ ẹyẹ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn méjèèjì kan ilẹ̀ pọ̀. Ní ọdún 1992, Póòpù John Paul Kejì sọ ní gbangba pé àwọn tí wọ́n dá Galileo lẹ́jọ́ ṣe àṣìṣe. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Galileo ju ọ̀ọ́dúnrún ọdún lọ, síbẹ̀ ó bá a.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe pé Galileo ní ohun èlò tí ẹ kò ní. Pákó, ọta kékeré, ìkòkò omi àti ìwọ̀n ni ó lò, àwọn nǹkan wọ̀nyí sì wà ní àrọ́wọ́tó wa. Ohun tí ó ní ni sùúrù láti wọn nǹkan léraléra, àti ọkàn tí kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àgbà rọ́pò ohun tí ojú rí. Ẹni tí ó bá ní méjèèjì, bí a tilẹ̀ sé e mọ́lé, a kò lè sé ìmọ̀ rẹ̀ mọ́.